Kóòṣì tó lọ wá agbábọ́ọ̀lù, tó mú ọmọ ara rẹ̀ wálé láìmọ̀

Ìtàn Sherman Smith àti Deland McCullough, àwọn méjì tó gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, ti lọ káàkiri orí ayélujára, àmọ́ gbólóhùn méjì mẹ́ta tí wọ́n fi ń sọ ọ́ máa ń dàrú mọ́ èèyàn lójú. Running back kan di kóòṣì. Kóòṣì yìí lọ mú ọmọkùnrin kan wá sí Yunifásítì Miami. Ọmọ náà di running back, òun náà di kóòṣì àwọn running back. Ó tó nǹkan bí ọdún 27 lẹ́yìn tí wọ́n kọ́kọ́ pàdé kí wọ́n tó mọ̀ pé bàbá àti ọmọ ni àwọn.

Ẹni tí kò bá mọ eré náà yóò ní ìbéèrè. Kí ni running back ń ṣe gan-an? Kóòṣì wo ni wọ́n ń sọ, ṣé irú èyí tó ń dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá bíi ti Super Eagles ni? Miami tí wọ́n ń dárúkọ ńkọ́, ṣé ìlú etíkun tó wà ní Florida ni? Báwo sì ni èèyàn ṣe lè kọ́ ọmọ rẹ̀ níṣẹ́ tí kò ní mọ̀ pé òun ló bí i? Ẹ jẹ́ ká tú u díẹ̀díẹ̀.

Bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà la ń sọ, kì í ṣe bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá tí a mọ̀. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e sá, ọwọ́ náà ni wọ́n fi ń jù ú, ó sì ṣe ṣóńṣó lórí àti nídìí. Èèyàn 11 ló ń dojú kọ èèyàn 11. Ẹgbẹ́ tí bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní àǹfààní ẹ̀ẹ̀mẹrin láti sún un síwájú ní yáàdì 10, ìyẹn lé díẹ̀ ní mítà 9. Bí wọ́n bá rí i sún tó bẹ́ẹ̀, wọ́n á tún gba ẹ̀ẹ̀mẹrin mìíràn. Bí wọn ò bá rí i sún, àwọn kejì á gba bọ́ọ̀lù. Gbogbo ariwo àti akoto orí yẹn, ìjà ilẹ̀ lásán ni. Ẹni tó bá ti rí ẹbí méjì tó ń ja ààlà oko rí ti mọ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ju bó ṣe rò lọ.

Quarterback ló ń pín bọ́ọ̀lù. Níwájú rẹ̀ ni àwọn ọkùnrin 5 kan wà tí wọ́n tóbi bí ilẹ̀kùn gáréèjì, iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n ti àwọn ọ̀tá sẹ́yìn. Running back máa ń dúró lẹ́yìn quarterback tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá ti fi bọ́ọ̀lù lé e lọ́wọ́, àlàfo kékeré kan láàárín àwọn òmìrán wọ̀nyẹn ló gbọ́dọ̀ fojú wá, kó sì gbabẹ̀ kọjá kí wọ́n tó dí i. Sísá nìkan kọ́ ni iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà mìíràn quarterback á ju bọ́ọ̀lù sí i, á sì gbọ́dọ̀ mú un. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, kò ní fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù rárá: ṣe ni yóò dúró de ọ̀tá kan tó wúwo jù ú lọ, tó ń bọ̀ wá wó quarterback mọ́lẹ̀, yóò sì fi àyà rẹ̀ gbà á. Iṣẹ́ kẹta yìí kì í hàn lórí tẹlifíṣọ̀n. Àwọn kóòṣì ni kì í gbójú fò ó, nítorí ọ̀dọ́mọkùnrin tó bá dí ẹni tí kò yẹ kó dí lè mú kí quarterback olówó ńlá dèrò ilé ìwòsàn.

Ara ló ń san owó iṣẹ́ yìí. Èèyàn mẹ́ta mẹ́rin ló máa ń dà bo ẹnì kan lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì lè ṣẹlẹ̀ ní ìgbà 20 ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Ìdí nìyẹn tí ọjọ́ iṣẹ́ running back fi kúrú ju ti ọ̀pọ̀ ipò yòókù lọ. Àpẹẹrẹ kan wà tó sún mọ́ wa. Jay Ajayi, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, tí wọ́n bí ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1993, wọ NFL, líìgì tó ga jù lọ nínú eré náà, ní 2015. Lọ́dún 2016, ó sá ju yáàdì 200 lọ nínú ìdíje mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ohun tí ọ̀pọ̀ running back tó dáńgájíá kì í rí ṣe lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ní February 2018 ó gba Super Bowl, ìdíje àṣekágbá NFL, pẹ̀lú Philadelphia Eagles. Ní October ọdún yẹn kan náà orúnkún rẹ̀ yẹ̀. Nígbà tí 2019 fi parí, eré ti tán fún un, kò sì tíì pé ọmọ ọdún 27. (Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìdí tí wọ́n fi ń sọ ọmọ ní Àjàyí, ẹ ó rẹ́rìn-ín bí ẹ bá gbọ́ pé ohun tí wọ́n ń kọ́ running back ni pé bí wọ́n bá ń gbé e ṣubú, kó rí i pé òun dojú bolẹ̀ síwájú, kó má fẹ̀yìn lélẹ̀. Ìṣubú tó dojú bolẹ̀ lè fún wọn ní yáàdì kan sí i.)

Nítorí náà, tí ẹ bá gbọ́ pé running back kan di kóòṣì, ẹni tí iṣẹ́ kìíní ti tán lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́ mìíràn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gba ìgbéga ni wọ́n ń sọ. Ó ṣì ní ọgbọ̀n ọdún níwájú rẹ̀.

Sherman Smith nìyẹn. Wọ́n bí i ní Youngstown, ìlú oníṣẹ́ irin ní ìpínlẹ̀ Ohio, ní 1954. Running back kọ́ ló jẹ́ ní yunifásítì, quarterback ni. Ilé ẹ̀kọ́ tó lọ ni Yunifásítì Miami, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Miami yìí kò sí ní Florida. Ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Oxford, ní Ohio, ló wà. Wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1809, nígbà tí Florida ṣì wà lábẹ́ Spain, orúkọ àwọn ọmọ ìbílẹ̀ Miami tí wọ́n ń gbé àgbègbè náà ni wọ́n sì fi pè é. Àwọn ará Amẹ́ríkà máa ń pe ilé ẹ̀kọ́ yìí ní Cradle of Coaches, ìyẹn ibùsùn tí wọ́n ti ń tọ́ àwọn kóòṣì bí ọmọ jòjòló, nítorí iye àwọn kóòṣì ńlá tó ti ibẹ̀ jáde: Paul Brown, Weeb Ewbank, Bo Schembechler, nígbà tiwa sì ni John Harbaugh àti Sean McVay. Smith bá wọn níbẹ̀ nígbà tó dùn jù. Láti 1973 títí dé 1975, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n lu Miami.

Lọ́dún 1976, wọ́n dá ẹgbẹ́ tuntun méjì sílẹ̀ nínú NFL, ọ̀kan lára wọn ni Seattle Seahawks. Ní ìpele kejì ìyànsípò àwọn agbábọ́ọ̀lù yunifásítì, Seahawks mú Smith, wọ́n sì ní kó fi iṣẹ́ quarterback sílẹ̀, kó wá di running back. Ẹ fojú inú wò ó: ẹni tó ti ń pín bọ́ọ̀lù, tí gbogbo èèyàn ń dáàbò bò, wọ́n ní kó wá di ẹni tí wọ́n ń dà bò mọ́lẹ̀. Ó gbà. Ọdún mẹ́rin àkọ́kọ́ tí Seahawks fi wà, òun ló sá jù lọ nínú wọn lọ́dọọdún. Wọ́n ń pè é ní Tank, torí orúkọ rẹ̀ bá ti ọkọ̀ ogun Sherman tí Amẹ́ríkà lò nínú Ogun Àgbáyé Kejì mu, ara rẹ̀ náà sì jọ orúkọ. Quarterback tó ń fi bọ́ọ̀lù lé e lọ́wọ́ ní Seattle ni Jim Zorn. Ẹ fi orúkọ yẹn sọ́kàn, a óò padà pàdé rẹ̀.

Èrò tèmi ni pé ìyípadà ipò yẹn ló sọ Smith di olùkọ́. Ẹni tí wọ́n bí mọ́ sísá kì í sábà lè ṣàlàyé bó ṣe ń sá. Ẹ bi í, á ní òun kàn rí àyè òun sì gbabẹ̀. Smith ti dàgbà kó tó kọ́ ọ, ìgbésẹ̀ kan lẹ́yìn òmíràn, torí náà ó mọ ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń kọsẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ó ti jẹ́ quarterback, ó mọ ohun tí ẹni tó dúró lẹ́yìn òmìrán márùn-ún ń bẹ̀rù. Nígbà tó fi pápá sílẹ̀ lẹ́yìn ọdún díẹ̀ pẹ̀lú San Diego Chargers, kò lọ tààrà sí ẹgbẹ́ ńlá kankan. Ilé ìwé ló lọ, ó ń kọ́ àwọn ọmọdé. Ní 1990 ni Miami pè é padà wálé, kó wá máa tọ́ àwọn running back wọn.

Ìbéèrè nípa kóòṣì ló kàn. Nígbà tí ọmọ Nàìjíríà bá gbọ́ kóòṣì, ẹnì kan ṣoṣo ló ń wá sí i lọ́kàn: ẹni tó mú orúkọ àwọn tó máa gbá bọ́ọ̀lù jáde, tí a ó bú bí wọ́n bá lù wá. Nínú bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, kóòṣì pọ̀ ju ogún lọ nínú ẹgbẹ́ kan. Olórí wọn wà lókè. Lábẹ́ rẹ̀ ni àwọn tí wọ́n ń pè ní coordinator: ọ̀kan fún àwọn tó ń gbé bọ́ọ̀lù lọ síwájú, ọ̀kan fún àwọn tó ń dí ọ̀nà, ọ̀kan fún ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ fi ẹsẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù. Lábẹ́ àwọn wọ̀nyẹn ni kóòṣì ipò kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń kọ́ àwọn running back ní yàrá tirẹ̀, ọmọ mẹ́rin márùn-ún ló sì wà níbẹ̀. Òun àti wọn jọ ń wo fídíò ìdíje tó kọjá, wọ́n á dá a dúró, wọ́n á dá a padà, á máa bi wọ́n pé: ẹsẹ̀ wo lo kọ́kọ́ gbé? Kí ló dé tó ò rí ẹni yẹn? Ọwọ́ wo lo fi di bọ́ọ̀lù mú? Torí bí bọ́ọ̀lù bá já bọ́ lọ́wọ́ wọn, àwọn ọ̀tá lè gbé e.

Kó dáa kẹ́ ẹ fi í wé ṣọ́ọ̀bù télọ̀ ńlá. Olórí kóòṣì ló ni ṣọ́ọ̀bù. Coordinator ló ń gé aṣọ. Kóòṣì àwọn running back ló ń kọ́ àwọn ọmọṣẹ́ tó wà nídìí ẹ̀rọ kan. Bí aṣọ bá bà jẹ́ láti ibi tí wọ́n ti gé e, kò sí ohun tí ìránṣọ dáadáa fẹ́ ṣe sí i.

Ìgbésí ayé Smith fi èyí hàn lẹ́ẹ̀mejì, ó sì dun àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù ní ẹ̀ẹ̀mejèèjì. Lẹ́yìn Miami, ó lọ sí Yunifásítì Illinois ní 1992, lẹ́yìn náà ó wọ NFL pẹ̀lú Houston Oilers ní 1995. Ẹgbẹ́ yìí ló kó lọ sí Tennessee tó wá ń jẹ́ Titans, ibẹ̀ sì ni Smith ti tọ́ Eddie George, tó sá ju yáàdì 10,000 lọ fún wọn láìpa ìdíje kan jẹ. Ní 2008, Jim Zorn, quarterback ọjọ́sí, di olórí kóòṣì Washington, ó sì pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtijọ́ kó wá ṣe coordinator àwọn tó ń gbé bọ́ọ̀lù síwájú. Lórí ìwé, ipò gíga nìyẹn. Àmọ́ Zorn fúnra rẹ̀ ló ń pe ohun tí wọ́n máa ṣe lórí pápá. Nígbà tí nǹkan ò lọ dáadáa ní 2009, àwọn aláṣẹ ẹgbẹ́ náà gba iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ Zorn. Ṣé Smith ni wọ́n gbé e fún? Rárá o. Wọ́n lọ mú kóòṣì kan tó ti fẹ̀yìn tì nílé rẹ̀, wọ́n fi í ṣe ẹni tó ń pe eré. Ẹ wá wo ohun tó ń dàrú mọ́ èèyàn lójú: Sherman Lewis ni orúkọ ẹni yẹn. Sherman méjì ní ọ́fíìsì kan náà, èyí tó ní oyè kò ní àṣẹ, èyí tó ní àṣẹ kò ní oyè. Ìdíje 4 péré ni wọ́n jẹ nínú 16 lọ́dún náà, gbogbo wọn sì túká.

Smith padà sí Seattle ní 2010, sí ẹgbẹ́ tó ti gbá bọ́ọ̀lù fún, lábẹ́ olórí kóòṣì Pete Carroll. Marshawn Lynch ni running back tí wọ́n mú wá bá a níbẹ̀ lọ́dún yẹn, ọkùnrin tí kì í fẹ́ bá oníròyìn sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tó ń fi ara sọ̀rọ̀ lórí pápá. Ní January 2011, Lynch sá yáàdì 67 kọjá láàárín àwọn New Orleans Saints, ó ń já kúrò lọ́wọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ariwo àwọn èrò ìwòran sì mi ilẹ̀ débi pé ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ìmìtìtì ilẹ̀ gbọ́ ọ. Ní February 2, 2014, Seahawks fi 43 sí 8 na Denver Broncos nínú Super Bowl. Smith gba òrùka tí wọ́n ń fún àwọn tó bá borí.

Ọdún kejì ló burú. February 1, 2015, Super Bowl tún ni, New England Patriots ni wọ́n ń bá jà. Ó ku yáàdì kan péré kí Seattle jẹ, àsìkò ti fẹ́ tán, Lynch dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ quarterback. Gbogbo ayé ń retí pé òun ni wọ́n á gbé bọ́ọ̀lù fún. Wọ́n jù ú ni, Malcolm Butler ti Patriots sì já a gbà. Ó parí sí 28 sí 24. Títí di òní àwọn èèyàn ṣì ń béèrè pé ẹni tó ń kọ́ running back dà lọ́jọ́ yẹn. Ó wà níbẹ̀. Ìpinnu yẹn kò sí lọ́wọ́ ẹni tó wà ní ipò rẹ̀. Ó ti kọ́ Lynch ní gbogbo ohun tó yẹ kó mọ̀ fún yáàdì kan yẹn, ẹlòmíràn ló ń pe eré.

(Ní Seattle yìí kan náà, bí ẹ bá gbọ́ tí wọ́n ń pariwo Sherman, Richard Sherman ni wọ́n sábà ń pè, ọ̀dọ́ tó ń gbá bọ́ọ̀lù lẹ́yìn. Orúkọ yẹn kì í fi Smith lọ́rùn sílẹ̀.)

Ẹ jẹ́ ká padà sí 1990, nígbà tí Smith ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Miami. Apá kan iṣẹ́ kóòṣì yunifásítì ni kó máa lọ káàkiri àwọn ilé ìwé girama láti wá àwọn ọmọ tó mọ bọ́ọ̀lù, kó sì rọ̀ wọ́n kí wọ́n wá sọ́dọ̀ òun, yunifásítì á sì san owó ilé ẹ̀kọ́ wọn. Ó fi díẹ̀ jọ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Kóòṣì á wá sí pálọ̀, á jókòó níwájú ìyá ọmọ, á ṣèlérí pé òun á tọ́jú rẹ̀ bí ọmọ òun. Wọ́n rán Smith lọ sí agbègbè tí wọ́n ti bí i. Ní Campbell, ìlú tó fara ti Youngstown, ó rí ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Deland McCullough. Ó fẹ́ràn rẹ̀, ọmọ náà fẹ́ràn tirẹ̀. Àwọn tó gbà á tọ́ ni ìyá àti bàbá tó mọ̀. Wọ́n ti kọ ara wọn sílẹ̀ nígbà tó ṣì kéré, bàbá kì í gbé ilé. Ọ̀gbẹ́ni tó wọ aṣọ tó mọ́, tó ti gbá bọ́ọ̀lù ní NFL, tó wá láti àdúgbò wọn, tó sì bọ̀wọ̀ fún ìyá rẹ̀, wọ ọmọ náà lọ́kàn gan-an. Ó gbà láti lọ sí Miami.

Kò pẹ́ tí Smith fi lọ sí Illinois, nítorí náà ẹlòmíràn ló wà níbẹ̀ nígbà tí McCullough ń gbégbá orókè. Ó sá yáàdì 4,368 ní Miami, kò sì sẹ́ni tó sá tó bẹ́ẹ̀ níbẹ̀ rí nígbà yẹn. Ní 1996 ó bá Cincinnati Bengals gbá àwọn ìdíje ìmúrasílẹ̀ tó ṣáájú sáà, kò sì sí running back tó sá jù ú lọ nínú gbogbo NFL nínú àwọn ìdíje yẹn. Orúnkún rẹ̀ bà jẹ́ kí sáà tó bẹ̀rẹ̀. Ó gbìyànjú ní Kánádà pẹ̀lú Winnipeg Blue Bombers, ṣùgbọ́n ara ti kọ̀. Òun náà wá gba ilé ìwé lọ. Ó ṣe olùkọ́, ó di ọ̀gá ilé ìwé, kí Miami tó pè é ní 2011 kó wá di kóòṣì. Ọ̀nà kan náà ni àwọn méjèèjì gbà, láti orí pápá sí kíláàsì, láti kíláàsì sí yàrá àwọn running back, Miami sì ni ẹnu ọ̀nà fún àwọn méjèèjì. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, wọn ò yé pe ara wọn. McCullough lọ kọ́ṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀ lọ́dọ̀ Smith ní Seattle pàápàá. Bàbá nínú iṣẹ́ ló kà á sí.

Kí ló wá bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀? Òfin ni. Ní Pennsylvania, níbi tí wọ́n ti bí McCullough, bí ẹnì kan bá gba ọmọ tọ́ lábẹ́ òfin, wọ́n máa ń ti ìwé ìbí àkọ́kọ́ pa, wọ́n á kọ tuntun tó ní orúkọ àwọn òbí tuntun. Nígbà yẹn, ọmọ kò lẹ́tọ̀ọ́ láti rí ti àkọ́kọ́, kódà bó bá ti dàgbà. Ìdí tí wọ́n ń sọ ni pé wọ́n ń dáàbò bo àṣírí ìyá. Fún àwa tí a máa ń gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n tàbí ìyá àgbà, tí gbogbo ilé sì mọ ọmọ ẹni tó jẹ́, irú òfin yìí ṣòro láti lóye. Ẹni tí wọ́n gbà tọ́ níbẹ̀ lè gbé ìlú kan náà pẹ̀lú ìyá tó bí i, kí wọ́n máa ra nǹkan ní ṣọ́ọ̀bù kan náà, kó má sì sí ẹni tó mọ̀. Ní November 2017, òfin tuntun bẹ̀rẹ̀ ní Pennsylvania tó jẹ́ kí àgbàlagbà tí wọ́n gbà tọ́ lè béèrè fún àkọsílẹ̀ ìbí rẹ̀. McCullough béèrè. Òun náà ti bí ọmọkùnrin mẹ́rin, ó sì fẹ́ mọ àìsàn tó ń bá ìdílé rẹ̀ jà.

Ìwé náà dé, orúkọ ìyá wà níbẹ̀. Ó wá a lórí Facebook, ó rí i. Ọmọ ọdún 16 ni nígbà tó bímọ ní December 1972. Ọmọ Youngstown ni, wọ́n mú un lọ sí Pittsburgh láti lọ bímọ níbẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ díẹ̀, McCullough bi í pé ta ni bàbá òun. Ìyá náà dá a lóhùn pé ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Sherman Smith ni.

Kò sí Sherman Smith méjì níbi tó ti wá. Fóònù ọkùnrin náà ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́.

Smith kò mọ̀ rí pé òun bí ọmọ kan. Ní 1972 tí ọmọbìnrin náà lóyún, ọ̀dọ́ ọmọ ọdún 17 lòun náà, ó ti lọ sí yunifásítì kí ọmọ tó dé, kò sì sẹ́ni tó sọ fún un. Nígbà tí McCullough pè é, ó ní kó jẹ́ kí òun ronú sí i ná. Wọ́n ṣe àyẹ̀wò DNA, èsì sì fi hàn pé òun ni bàbá rẹ̀. Ẹni tó bá wo àwòrán àwọn méjèèjì pa pọ̀ á máa rò ó pé owó àyẹ̀wò ni wọ́n fi ṣòfò. Yorùbá ní bí ọmọ kò bá jọ ṣòkòtò, á jọ kíjìpá. Èyí jọ ṣòkòtò, ó jọ ọ́ lójú àti lẹ́nu iṣẹ́, àmọ́ ọdún 27 ni wọ́n fi wò ó tí wọn ò rí i. Mi ò ka ìyẹn sí òmùgọ̀. Ó dájú pé nígbà tí kóòṣì bá ń pe ọmọ kan ní ọmọ mi ní gbogbo ìgbà, kò sí ẹni tó ń gbọ́ ọ bí ọ̀rọ̀ òtítọ́ mọ́.

Ìbéèrè kan tún wà táwọn èèyàn máa ń béèrè: ṣé Smith ló wá bá ọmọ rẹ̀ wáṣẹ́ ni? Ẹ wo ọjọ́. McCullough ti lo ọdún mẹ́fà ní Yunifásítì Indiana, níbi tí Tevin Coleman ti sá ju yáàdì 2,000 lọ ní 2014 lábẹ́ rẹ̀, ó sì ti dé Yunifásítì Southern California (USC) ní Los Angeles kó tó mọ ẹni tó bí i. Kansas City Chiefs mú un ní 2018 kó rọ́pò Eric Bieniemy, running back mìíràn tó di kóòṣì, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ga sí ipò coordinator. Nígbà tí Chiefs fi 31 sí 20 na San Francisco 49ers nínú Super Bowl, Damien Williams, ọmọ yàrá McCullough, sá yáàdì 104. February 2, 2020 ni. Ọjọ́ yẹn gan-an ló pé ọdún mẹ́fà tí bàbá rẹ̀ gba òrùka tirẹ̀ ní Seattle.

Ó padà sí Indiana fún sáà kan, ó lọ sí Yunifásítì Notre Dame ní 2022, ó sì bá wọn dé ìdíje àṣekágbá àwọn yunifásítì ní January 2025. Oṣù tó tẹ̀ lé e, Las Vegas Raiders pè é kó wá tọ́ àwọn running back wọn. Olórí kóòṣì tuntun tí Raiders ṣẹ̀ṣẹ̀ mú nígbà yẹn ni Pete Carroll, ẹni tí Smith bá ṣiṣẹ́ ní Seattle. McCullough ni orúkọ tó gbé lọ síbẹ̀, orúkọ àwọn tó tọ́ ọ dàgbà. Kò yí i padà.